Ẹ̀rù ń bà mí, inú mi sì ń dùn, bí mo ṣe fẹ́ kúrò nílé: ṣé ìgbàgbọ́ mi ni kò lágbára?

Ìbéèrè

Ààfáà wa, as-salaamu alaykum. Ọmọ ọdún 19 ni mí. Láti ìgbà tí wọ́n ti bí mi, mi ò tíì gbé ibòmíràn yàtọ̀ sí ọ̀dọ̀ àwọn òbí mi. Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n lọ sí ìlú kan tó jìnnà, níbi tí màá ti kàwé fún ọdún 4. Inú mi ń dùn gan-an. Mo ti di ẹrù mi, mo tú u, mo tún un dì. Ṣùgbọ́n bí ilẹ̀ bá ti ṣú báyìí, àyà mi á bẹ̀rẹ̀ sí í já, oorun ò ní kùn mí mọ́. Ọ̀rẹ́ mi kan sọ pé ẹni tó bá gbára lé Ọlọ́hun kì í bẹ̀rù, pé ìgbàgbọ́ mi ni kò lágbára. Lọ́jọ́ kan, mo bá màmá mi níbi tí wọ́n ti ń nu omijé lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Láti ọjọ́ náà ni ìdùnnú mi ti dà bí ẹ̀ṣẹ̀ lójú mi. Mo tún fẹ́ mọ̀ bóyá ìrun ìrìn-àjò ni màá máa kí níbẹ̀, torí pé kì í ṣe ìlú mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ là mí lọ́yẹ.

Ìdáhùn

Wa alaykumus-salaam wa rahmatullaahi wa barakaatuh, ọmọ mi. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Muhammad, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀.

Ọ̀rẹ́ rẹ fẹ́ràn rẹ, má bá a jà, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tó sọ yẹn kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó gbára lé Ọlọ́hun a máa bẹ̀rù, Al-Kùránì fúnra rẹ̀ ló sì sọ fún wa. Ṣí Súratul-Qasas, kà á láti ẹsẹ 14. Níbẹ̀ ni Ọlọ́hun ti sọ pé Òun fún Mūsā ní ọgbọ́n àti ìmọ̀ nígbà tó di géńdé. Kò ju ẹsẹ méje lọ sí i, Mūsā ti ń sá kúrò ní ìlú tí wọ́n ti tọ́ ọ dàgbà, Ọlọ́hun sì ròyìn rẹ̀ pé ó jáde tòun ti ìbẹ̀rù, ó ń ṣọ́ ọ̀tún ṣọ́ òsì. Ọba tó fún un ní ìmọ̀ ló sọ fún wa pé ẹ̀rù bà á, kò sì fi ọ̀rọ̀ ìbáwí kankan tì í.

Ohun tí Mūsā fi ẹ̀rù náà ṣe ni kí o kọ́ lára rẹ̀. Ó ké pe Olúwa rẹ̀, kò sì dẹ́kun rírìn. Nígbà tó dé Madyana, kò mọ ẹnikẹ́ni, kò ní ilé, kò ní iṣẹ́. Ó rí ọmọbìnrin méjì tí wọ́n dá ẹran wọn dúró títí àwọn darandaran yòókù yóò fi kúrò nídìí omi. Ó bá wọn fún ẹran wọn lómi, ó lọ sábẹ́ ibòji, ó wá sọ pé: Rabbi innii limaa anzalta ilayya min khayrin faqeer. “Olúwa mi, dájúdájú mo bùkátà sí oore yòówù tí O bá sọ̀ kalẹ̀ fún mi.” Kò dárúkọ oore tó fẹ́. Ní ẹsẹ tó tẹ̀ lé e gan-an ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin náà ti padà wá pè é, bẹ́ẹ̀ ló ṣe di ẹni tó ní ibùgbé, tó ní iṣẹ́ ọdún 8 tàbí 10, tó sì ní ìyàwó.

Mo fẹ́ràn àdúà yìí púpọ̀ fún ọ̀dọ́ tó ń lọ síbi tí kò dé rí. Ẹni tí kò tíì mọ ohun tó wà níwájú, báwo ni yóò ṣe mọ ohun tó yẹ kó tọrọ ní pàtó? Àdúà Mūsā gba gbogbo rẹ̀. Má sì gbàgbé pé ó kọ́kọ́ ran àwọn tí kò mọ̀ rí lọ́wọ́ kó tó jókòó.

Ọkùnrin kan bi Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) léèrè pé ṣé kí òun so ràkúnmí òun kí òun sì gbára lé Ọlọ́hun, tàbí kí òun tú u sílẹ̀ kí òun gbára lé E. Ó dá a lóhùn pé kó so ó, kó sì gbára lé Ọlọ́hun. Ẹ̀rù tó ń mú ọ wádìí ibi tí mọ́sálásí wà, irú ẹni tí o máa bá gbé yàrá, àti bí owó rẹ yóò ṣe tó ọ ná, okùn ràkúnmí ni ìyẹn. So ó dáadáa. Èyí tó ń gba oorun lójú rẹ, tó ń fi ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ hàn ọ́ lóru, òun la ní kí o fi Ọlọ́hun ṣe ààbò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Anas, tó sin Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun fún ọdún 10, sọ pé lọ́pọ̀ ìgbà ni òun máa ń gbọ́ ọ tó ń sọ pé: Allaahumma innii a'uudhu bika minal-hammi wal-hazan, “Ọlọ́hun, mo fi Ọ́ ṣe ààbò kúrò lọ́wọ́ hamm àti hazan.” Àwọn onímọ̀ ṣàlàyé pé hamm ni ìdààmú ọkàn lórí ohun tó ń bọ̀, hazan sì ni ìbànújẹ́ lórí ohun tó ti kọjá. Ọmọ tó ń fi ilé sílẹ̀ ń ru méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Bó bá jẹ́ pé ẹni tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ mẹ́hẹ nìkan ni irú rẹ̀ ń bá, kí ni Ànábì fẹ́ fi àdúà yẹn ṣe lọ́pọ̀ ìgbà bẹ́ẹ̀?

Fara balẹ̀ gbọ́ ìtàn kan tí Bukhārī, onímọ̀ tó ṣe àkójọ hádíìsì, gbà wá, torí ọ̀rọ̀ àwọn ojúgbà rẹ ni. Mālik ọmọ Huwayrith sọ pé ọ̀dọ́ ni àwọn, ọjọ́ orí àwọn kò jìnnà síra, àwọn wá sọ́dọ̀ Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, àwọn sì lo òru 20 lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó ní aláàánú àti oníwà pẹ̀lẹ́ ni Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun. Ó kíyè sí i pé àárò ilé ti ń sọ wọ́n. Ó bi wọ́n nípa àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ nílé, wọ́n sì sọ fún un. Ó wá ní kí wọ́n padà sọ́dọ̀ àwọn ará ilé wọn, kí wọ́n máa kọ́ wọn lẹ́kọ̀ọ́, kí wọ́n sì máa kírun bí wọ́n ṣe rí òun tó ń kírun.

Ọmọ mi, wo ibi tí àwọn ọ̀dọ́ yẹn wà. Ẹ̀yìn Ànábì ni wọ́n ti ń kírun, ẹnu rẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ Al-Kùránì, ojú rẹ̀ ni wọ́n ń rí láràárọ̀. Ibo ló tún dára ju ibẹ̀ lọ lórí ilẹ̀? Síbẹ̀, àárò ilé sọ wọ́n. Ànábì rí i lójú wọn, kò pè é ní àìnígbàgbọ́, àwọn ará ilé wọn ló béèrè. Èmi náà kò tíì pé ọmọ 20 ọdún nígbà tí mo lọ gbé lọ́dọ̀ ààfáà tó kọ́ mi ní kéwú. Lálẹ́ ọjọ́ kìíní, mo faṣọ borí kí àwọn tó kù má baà gbọ́ ẹkún mi. Ká ní mo ti mọ hádíìsì yìí nígbà náà ni, ojú kì bá tí tì mí tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn sàhábé tó ṣí kúrò ní Mẹ́kà lọ sí Mẹ̀dínà ní ọdún 622 náà mọ̀ ọ́n lára. Ibà mú Abū Bakr àti Bilāl nígbà tí wọ́n débẹ̀. Bí ibà náà bá ti fi Bilāl sílẹ̀ díẹ̀, á gbóhùn sókè, á máa kéwì, á máa béèrè bóyá òun tún lè sun òru kan ṣoṣo sí àfonífojì Mẹ́kà, kí koríko rẹ̀ olóòórùn dídùn yí òun ká. Ìlú tí wọ́n ti fìyà jẹ ẹ́ nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀ ló ń sọ yẹn o! Àíṣà ìyá wa, ìyàwó Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, lọ sọ fún un. Kò ní kí Bilāl gbàgbé Mẹ́kà. Àdúà ló ṣe, pé: Allaahumma habbib ilaynal-Madeenata kahubbinaa Makkata aw ashadd, “Ọlọ́hun, jẹ́ kí á fẹ́ràn Mẹ̀dínà bí a ṣe fẹ́ràn Mẹ́kà, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.” Ìfẹ́ ilé àtijọ́ ló fi wọn ìfẹ́ tó ń tọrọ fún ilé tuntun. Ìwọ náà, fi èdè tí o gbọ́ tọrọ irú rẹ̀, kí o dárúkọ ìlú tí o ń lọ. Bẹ̀rẹ̀ láti àsìkò yìí, kí o tó débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìdùnnú rẹ wá kù, òun ló sì wù mí jù láti sọ, torí mo rí i pé ó ń dá ọ lẹ́bi. Ọlọ́hun ló sọ ní Súratul-Mulk pé Òun ṣe ilẹ̀ ní ìrọ̀rùn fún wa, kí á máa rìn ní àwọn agbègbè rẹ̀, kí á sì máa jẹ nínú arísìkí Rẹ̀. Ẹni tí inú rẹ̀ dùn láti lọ wá ìmọ̀ tó hálàálì, tí àwọn òbí rẹ̀ sì yọ̀ǹda fún un, kò ṣẹ̀ wọ́n. Padà sínú Súratul-Qasas kan náà, kí o wo ìyá Mūsā. Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi gbé ọmọ náà sínú odò bí Ọlọ́hun ṣe pa á láṣẹ. Nígbà tó di àárọ̀, ọkàn rẹ̀ ṣófo, díẹ̀ ló kù kó tú àṣírí, bí kì í bá ṣe pé Ọlọ́hun di ọkàn rẹ̀ mú ṣinṣin. Obìnrin tó fi ọmọ sílẹ̀ kó lọ náà ni ọkàn rẹ̀ ṣófo, kò sì sí irọ́ nínú èyíkéyìí nínú méjèèjì. Màmá rẹ tó ń nu ojú lẹ́yìn ilẹ̀kùn, tí kò sì sọ fún ọ pé kí o má lọ, iṣẹ́ yẹn ló ń ṣe. Kò fẹ́ kí o rí i ni ó ṣe lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Nítorí náà, má fi ìdùnnú rẹ pa mọ́ fún un bí ẹni jí nǹkan gbé. Jókòó tì í ní alẹ́ ọjọ́ kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yìí, sọ ohun tó ń dùn mọ́ ọ fún un, kí o sì sọ ohun tó ń bà ọ́ lẹ́rù pẹ̀lú. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé àìmọ ohun tó wà nínú rẹ ló ń pa á lẹ́kún. Ohun tí mo bẹ̀rù fún ọ ni ìgbà tí ara bá ti tù ọ́ lọ́hùn-ún, tí oṣù kan á kọjá láìgbọ́ ohùn rẹ. Nígbà tí Ọlọ́hun dá Mūsā padà fún ìyá rẹ̀, Ó sọ ìdí rẹ̀: kí ojú rẹ̀ lè tutù, kí ó má sì banújẹ́. Ìtutù ojú òbí wà nínú ìpè ìṣẹ́jú díẹ̀, tí o bá ń ṣe é déédéé. Fi Rabbi irhamhumaa kamaa rabbayaanii sagheeraa, “Olúwa mi, ṣàánú àwọn méjèèjì bí wọ́n ṣe tọ́ mi nígbà tí mo kéré,” kún ẹ̀yìn ìrun rẹ.

Ní ti ìrun: rárá, o kò ní máa ké e kúrú níbẹ̀. Lójú ọ̀nà, bí ìrìn náà bá tó nǹkan bíi kìlómítà 80 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí o sì ti jáde kúrò láàárín ilé ìlú rẹ, o lè kí Àìlà, Alaásárì àti Ìṣáì ní ráká méjì-méjì. Mọ̀gàríbì àti Àṣùbáà kì í yí padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti gbèrò láti lo ọjọ́ mẹ́rin gbáko níbi kan, ìrun pípé ni yóò máa kí níbẹ̀ láti ìgbà tó bá ti dé, gẹ́gẹ́ bí ìlànà Imaamu Mālik. Ọjọ́ 15 ni àwọn Hanafī, àwọn tó ń tẹ̀ lé ìlànà Imaamu Abū Hanīfah, sọ. Èyí tó wù kí o tẹ̀ lé nínú méjèèjì, ọdún 4 kọjá rẹ̀ fíìfíì. Jímọ̀ di dandan fún ọ níbẹ̀, ààwẹ̀ Ràmàdáánì náà bẹ́ẹ̀. Bí o bá sì padà wálé fún ìsinmi, ilé lo dé. Ìrun pípé ni.

Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́ gan-an ni kí o ti mọ mọ́sálásí tó súnmọ́ ọ, má jẹ́ kó di oṣù kejì. Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun ní kí á di jàmáà mú, torí àgùntàn tó dá wà ni ìkookò ń pa jẹ. Mo ti rí ọ̀dọ́ tó mọ Al-Kùránì sórí jù ọ́ lọ, tí àìní alábàákẹ́gbẹ́ rere sọ di ẹni tí kì í jí fún Àṣùbáà mọ́. Kò sẹ́ni tó fi tipátipá gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kò kàn sí ẹni tó ń wá a ni. Jẹ́ kí ẹnìkan wà níbẹ̀ tí yóò béèrè rẹ bí kò bá rí ọ ní sáàfù, lórí ìlà tí a ń tò sí láti kírun.

Bí o bá kọ́kọ́ wọ yàrá rẹ tuntun, sọ pé: A'uudhu bikalimaatillaahit-taammaati min sharri maa khalaq, “Mo fi àwọn ọ̀rọ̀ Ọlọ́hun tó pé ṣe ààbò kúrò níbi aburú ohun tí Ó dá.” Khawlah ọmọ Hakīm ló gbọ́ ọ lẹ́nu Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun pé ẹni tó bá sọ ọ́ nígbà tó bá sọ̀ sí ibùdó kan, kò sí ohun tí yóò ṣe é ní jàm̀bá títí yóò fi kúrò níbẹ̀. Bí oorun kò bá wá lóru ọjọ́ kìíní, dìde, ṣe àlùwàlá, kí ráká méjì. Yàrá tí o bá ti forí kanlẹ̀ nínú rẹ̀ kì í pẹ́ di ilé ẹni.

Lọ́jọ́ tí o bá ń lọ, dúró níwájú àwọn òbí rẹ kí o sọ fún wọn pé: Astawdi'ukumullaahal-ladhee laa tadee'u wadaa'i'uh, “Mo fi yín sí ìpamọ́ Ọlọ́hun, Ẹni tí ohun tí a bá fi sí ìpamọ́ Rẹ̀ kì í sọnù.” Ìwọ ni ọmọ, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò fi wọ́n sí ìpamọ́. Bó bá di ìgbà tí ọkàn rẹ ń bi ọ́ pé ta ni yóò tọ́jú wọn lẹ́yìn rẹ, rántí pé o ti fi wọ́n lé Ẹnìkan lọ́wọ́.

Arákùnrin kan wá bá Òjíṣẹ́ Ọlọ́hun, ó ní òun fẹ́ rìnrìn-àjò, kó fún òun ní ìpèsè ìrìn-àjò. Ó sọ fún un pé: “Kí Ọlọ́hun fi ìbẹ̀rù Rẹ̀ ṣe ìpèsè fún ọ.” Ọkùnrin náà ní kó ṣe àlékún. Ó ní: “Kí Ó sì forí ẹ̀ṣẹ̀ rẹ jìn ọ́.” Ó tún ní kó ṣe àlékún. Ó ní: “Kí Ó sì mú oore rọrùn fún ọ níbikíbi tí o bá wà.” Èmi náà ṣe é fún ọ lónìí, ọmọ mi, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Zawwadakallaahut-taqwaa, wa ghafara dhanbak, wa yassara lakal-khayra haythumaa kunt. Bí o bá débẹ̀, kọ̀wé sí mi, kí n mọ̀ pé o dé.