Dókítà eyín méjì, ilé ìtọ́jú kan: irú ìforúkọsílẹ̀ wo ló yẹ wá?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Dókítà eyín ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi. A ti rí ilé kan ní Òkè-Ìlewó, l'Abẹ́òkúta. Ọ̀rẹ́ mi ní ká kàn forúkọ òwò sílẹ̀, torí kò wọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi ní ká ṣe "limited", pé bí wọ́n bá pè wá lẹ́jọ́, ẹnikẹ́ni ò ní lè fọwọ́ kan ohun ìní wa. Ta ni ká gbọ́ tirẹ̀? – Dókítà T.

ÌDÁHÙN: Dókítà, ẹ kú ìmúra. Ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín ni mo fẹ́ kọ́kọ́ mú, torí òun ló lè kó yín sí wàhálà. Lóòótọ́, kọ́ńpìnnì, ìyẹn "limited" tí wọ́n ń sọ, dá dúró lójú òfin: owó ilé, owó iná, gbèsè oògùn, ọrùn kọ́ńpìnnì ló wà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá yọ eyín tí kò yẹ ní yíyọ, ọwọ́ yín ló yọ ọ́. Aláìsàn lè pe kọ́ńpìnnì lẹ́jọ́, kó sì pe ẹ̀yin náà mọ́ ọn. Orúkọ yín ló wà nínú ìwé MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń darí iṣẹ́ dókítà àti dókítà eyín ní Nàìjíríà, ẹ̀yin ni wọ́n máa ránṣẹ́ sí. Ohun tó ń gba dókítà sílẹ̀ lọ́jọ́ bẹ́ẹ̀ ni àkọsílẹ̀ ìtọ́jú tó péye, àti adójútòfò fún àṣìṣe iṣẹ́. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣílẹ̀kùn láìní in.

Bí ẹ bá sì yáwó ra àga ìtọ́jú, báńkì lè gbé ìwé kan síwájú yín pé kí ẹ ṣe onídùúró fún kọ́ńpìnnì. Ẹ ka ojú ewé yẹn dáadáa. Tí ẹ bá ti fọwọ́ sí i, gbèsè náà ti di tiyín.

Ti ọ̀rẹ́ yín, mi ò gbà á fún ẹni méjì. Òwò onírúkọ lásán kò yàtọ̀ sí ẹni tó ni ín. Gbèsè tí ọ̀rẹ́ yín bá jẹ lórúkọ iṣẹ́ lè dé orí mọ́tò yín.

Èyí tí mo fara mọ́ ni LLP (limited liability partnership), ìyẹn àjọṣe òwò tó ń dáàbò bo ohun ìní àwọn tó dá a sílẹ̀, tí CAMA, òfin ilé iṣẹ́ ọdún 2020, gbà láàyè. Ó kéré tán, ẹni méjì ló ń dá a sílẹ̀. Ó dá dúró bíi kọ́ńpìnnì. Àṣìṣe ọ̀rẹ́ yín kò ní di tiyín, tiyín nìkan lẹ máa jẹ́jọ́ rẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi owó orí fà yín sínú "limited". Kọ́ńpìnnì kékeré kì í san owó orí èrè, ṣùgbọ́n òfin owó orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kìíní 2026 yọ iṣẹ́ àwọn amọ̀ṣẹ́dunjú bíi tiyín kúrò níbẹ̀. Náírà 30 nínú 100 èrè ni kọ́ńpìnnì bẹ́ẹ̀ máa san.

Kí ẹ tó sanwó fún CAC, àjọ ìjọba tó ń forúkọ òwò àti kọ́ńpìnnì sílẹ̀, ẹ jókòó kọ àdéhùn. Ẹ má sọ pé ọ̀rẹ́ ni yín. Bí ẹnì kan bá jápa lọ sí Kánádà, ta ló ni àga? Ta ló ni káàdì àwọn aláìsàn? Ta ló máa san ìyókù owó ilé? Mo ti rí àwọn tó jọ kàwé, tó jẹ́ pé lọ́yà ló ń bá wọn gbọ́rọ̀ kalẹ̀ láàárín ara wọn nítorí ẹ̀rọ X-ray kan. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ mú láìsẹ́ǹsì tọdún yìí dání, CAC máa béèrè ẹ̀rí pé dókítà ni yín. Ìwé àṣẹ ti Mínísírì ìlera ní Òkè-Mosàn tún wà lọ́tọ̀ o. Ti CAC ò dípò rẹ̀.