Ìwé àwòrán tó kún fún yìnyín, ọmọ tó ń gbé n'Ìbàdàn

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ mi ọkùnrin ti pé ọdún 3. Àǹtí rẹ̀ tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù fi ìwé àwòrán kan ránṣẹ́ sí i, tó dá lórí ìgbà mẹ́rin tí wọ́n ní lọ́hùn-ún. Tí mo bá ti kà á dé ojú ìwé kẹta báyìí, á pa á dé. Ìbàdàn là ń gbé. Ṣé kí n gbé e pamọ́ títí á fi dàgbà ni?

Ìdáhùn: Ẹ má gbé e pamọ́ o, Ìyá. Ọmọ ọdún 3 ò tíì mọ ohun tó ń jẹ́ "tó bá di oṣù Kejìlá." Ohun tó rí lónìí, tó sì fọwọ́ kàn, ló lè dá mọ̀ nínú àwòrán. Nítorí náà, ẹ má kà á láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ wo bí ojú ọjọ́ ṣe rí níta, kí ẹ ṣí ojú ìwé tó bá a mu.

Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ gbé ọmọ lé ẹsẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí ẹ ṣí ibi tí òjò wà. Ìṣẹ́jú 5 sí 10 ti tó. Ẹ má tíì ka ọ̀rọ̀ ibẹ̀, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ nàka sí nǹkan. Bó bá ní "bàtà," ẹ fi díẹ̀ kún un: "Bẹ́ẹ̀ ni, bàtà òjò ni, omi ò lè wọ inú rẹ̀." Kí ẹ wá dákẹ́, kí ẹ ka ení dé àrún nínú yín, torí ọmọ kékeré máa ń pẹ́ kó tó rí ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ. Ohun tó sábà máa ń lé ọmọ sá ni ká máa da ìbéèrè bò ó: "Kí nìyí? Ìyẹn ńkọ́? Àwọ̀ wo ni?" Ìdánwò nìyẹn, kì í ṣe ìwé kíkà.

Ojú ìwé tí ewé ti pọ́n tó ń já kò jìnnà sí wa rárá. Ewé igi fúrúùtù, èyí tó máa ń wà lọ́gbà ilé-ìwé, máa ń pọ́n kó tó já. Lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ ṣa ewé 3 wálé: èyí tó ṣì tutù, èyí tó ti pọ́n létí ṣùgbọ́n tí àárín rẹ̀ ṣì tutù, àti èyí tó ti gbẹ tó ń dún kẹ́rẹ́kẹ́rẹ́. Kó máa tò wọ́n sórí àwòrán náà.

Ti yìnyín ló nira díẹ̀. Ẹ fi ṣíbí onígi ha èyí tó lẹ̀ mọ́ ara fìríìsà sínú abọ́ (ẹ má fi ọ̀bẹ ṣe é, ó lè lu fìríìsà), kó fọwọ́ kàn án, kó sì wò ó bó ṣe ń yọ́ bí ẹ ti ń kàwé lọ. Òwúrọ̀ ọyẹ́ ló dáa jù fún un, láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, nígbà tó bá wọ súẹ́tà. Àmọ́ ẹ má pe ọyẹ́ ní yìnyín fún un: afẹ́fẹ́ gbígbẹ àti eruku ni tiwa. Bó bá rí àwòrán àwọn ọmọ tó ń ti ilé-ìwé bọ̀ nínú òkùnkùn nínú ìwé náà, ẹ sọ fún un pé lóṣù Kejìlá, oòrùn ti máa ń wọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Ẹ pe àǹtí rẹ̀ lórí fídíò lásìkò yẹn, kó gbé fóònù sí ojú fèrèsé.

Ohun tí ìwé náà ò ní, ẹ ṣe é fúnra yín. Ẹ ká bébà 2 sí méjì-méjì, kí ẹ rán an láàárín: ojú ìwé 8 nìyẹn. Ẹ má lo pín-ìnnì, ó lè yọ, kí ọmọ sì gbé e mì. Kó ya èsúnsún òjò àkọ́rọ̀, àgbàdo oṣù Kẹfà, àti àgbálùmọ̀ ìgbà ọyẹ́ sí i.

Bó bá ní ojú ìwé kan ṣoṣo lòun fẹ́ fún ọ̀sẹ̀ 2, ẹ ṣí i fún un. Nígbà òjò, ẹ má gbé ìwé ti ògiri, torí ibẹ̀ ni ọ̀rinrin ti máa ń mú un, tó sì máa ń bu.