Magnum wo ni kí n fi owó mi rà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mò ń gbé, ó ti lé ní ọdún méjì tí mo gba káàdì ìgbélùú. Àwọn ọ̀rẹ́ ibi iṣẹ́ máa ń mú mi lọ síbi ìdánrawò ìbọn, ó sì ti wù mí kí n ra rìfọ́fà tèmi, ìbọn ìléwọ́ oníhò mẹ́fà. Ọ̀kan nínú wọn ní bí kì í bá ṣe .44 Magnum, kí n yáa fi owó mi ra ewúrẹ́ jẹ. Èkejì ní Colt Python ni ọba wọn. Ẹ̀kẹta kò fẹ́ gbọ́ orúkọ mìíràn ju Smith & Wesson lọ. Ìyàwó mi náà fẹ́ kọ́ ọ. Èwo lẹ fẹ́ràn jù, èwo sì ni kí n rà?

ÌDÁHÙN: Àbúrò, ìbéèrè méjì lo bi mí, o wá dì wọ́n mọ́ra bí ẹni pé ẹyọ kan ni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Smith & Wesson Model 19 tí ọ̀pá rẹ̀ gùn ní ínǹṣì mẹ́rin. Èyí tí màá ní kí o rà ni Ruger GP100 tó ń yin ọta .357 Magnum. Ìfẹ́ lọ̀tọ̀, ìmọ̀ràn lọ̀tọ̀.

Model 19 yẹn jáde ní 1955. Bill Jordan, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ ibodè Amẹ́ríkà, ló ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n ṣe Magnum tí kò ní da ìbàdí ẹni tó ń gbé e kiri látàárọ̀ dalẹ́ láàmú. Wọ́n ṣe é tẹ́ẹ́rẹ́, ó sì bá ọwọ́ mi mu bí ẹni pé èmi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Àmọ́ títẹ́ẹ́rẹ́ yẹn náà ni àrùn rẹ̀. Kí àyè lè wà, wọ́n fá abẹ́ ìdí ọ̀pá, níbi tí ọta ti ń kúrò nínú rìbìtì (agolo oníhò mẹ́fà tó ń yí) bọ́ sínú ọ̀pá. Ẹni tó bá ń yin ọta .357 fúyẹ́fúyẹ́ oní-grain 125 (grain ni wọ́n fi ń wọn ìwúwo ọta) nínú rẹ̀ léraléra, ibẹ̀ yẹn ló máa là. Wọ́n ti gbé irú rẹ̀ wá bá mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ọ̀pá tuntun la sì ń wá fún un. Tèmi, .38 Special ni mo ń fún un jẹ, bí arúgbó tí wọ́n ń fún ní ẹ̀kọ mímu.

Ọ̀rọ̀ .38 yìí gan-an ni kókó, nítorí òun ló máa parí ìjà yín. Magnum kì í ṣe orúkọ ilé iṣẹ́, orúkọ ọta tí agbára rẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ ni. Ní 1935, Smith & Wesson àti Winchester mú ọta .38 Special, wọ́n fi nǹkan bí ìdá mẹ́jọ ínǹṣì kan kún gígùn kóró rẹ̀, ìyẹn idẹ tó gba ẹ̀tù, wọ́n sì kó ẹ̀tù tó lágbára sí i. Kí wọ́n má baà ki í sínú ìbọn .38 àtijọ́ kó sì tú u ká ni wọ́n ṣe fi gígùn kún un. Èrè ibẹ̀ ni pé ìbọn .357 ń yin .38 láìsí wàhálà kankan. Ìwọ á fi .38 kọ́ ìyàwó rẹ, owó rẹ̀ ò ga, títa rẹ̀ sẹ́yìn ò sì le. Ọjọ́ tó bá wù yín, ẹ ki .357 sí i.

.44 Magnum náà bí ọmọ bẹ́ẹ̀ ni, láti inú .44 Special ní 1955, lẹ́yìn tí Elmer Keith, onímàlúù ará Idaho tó tún ń kọ̀wé nípa ìbọn, ti fi ọdún pípẹ́ yọ ilé iṣẹ́ lẹ́nu. Agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì ti .357. Bí o bá ń dọdẹ ẹlẹ́dẹ̀ igbó ní Texas, mi ò ní bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ohun tí ojú mi ń rí ní ṣọ́ọ̀bù: .44 tí wọ́n bá gbé wá fún mi tà, páálí ọta 50 sábà máa ń bá a wá. Iye tó ti kúrò nínú páálí yẹn? Mẹ́fà. Ẹ̀ẹ̀kan ni olúwa rẹ̀ yìn ín, ó gbé e sínú dúrọ́ọ̀, ó di ohun à ń fi han àlejò.

Ìpalára rẹ̀ fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ tún burú ju owó tó ṣòfò lọ. Ara ò ní gbàgbé bí ó ṣe ta á sẹ́yìn. Mo máa ń fi kóró òfìfo kan sáàárín ọta márùn-ún láìsọ fún akẹ́kọ̀ọ́. Bí ó bá dé orí òfìfo yẹn, ìbọn ò ní dún, síbẹ̀ wàá rí ẹnu ìbọn tó máa forí balẹ̀ gbì, nítorí ọwọ́ ti ń sá fún ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀. Ó lè gba oṣù mélòó kan kí ìyẹn tó kúrò lára.

Ti Python: tírígà rẹ̀ ń yọ̀ lọ bí òróró. 1955 lòun náà jáde, wọ́n dá a dúró ní 2005, ó padà ní 2020 ní iye 1,499 dọ́là. Tuntun yẹn dára. Ti àtijọ́ ni kí o ṣọ́ra fún, nítorí bí inú rẹ̀ bá ti jẹ, àwọn tó mọ̀ ọ́n tún ṣe ò pọ̀ mọ́. Ti Smith, Model 686 ni kí o wò. Bí ọwọ́ rẹ bá yàn án ju Ruger lọ, rà á, kò sí ìjà níbẹ̀. Ìdí tí mo fi ń dárúkọ GP100 ni pé irin rẹ̀ ki, ó wọ̀n tó áúnsì 40, ìwọ̀n yẹn ló sì ń gba ìtani mọ́ra. Ó tún rọrùn láti tú palẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi Magnum tí kò ju áúnsì 12 lọ tàn ọ́ pé ó fúyẹ́. Ó fúyẹ́ lápò lóòótọ́.

Bí àlòkù ni, kọ́kọ́ rí i pé kò sí ọta nínú rẹ̀. Wá fi ìka kan rọra di rìbìtì mú, kí o máa fa hámà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Rìbìtì gbọ́dọ̀ ti há pa kí hámà tó dé òpin. Bí kò bá há, jẹ́ kí olówó rẹ̀ máa gbé e lọ. Nígbà tí o bá ti ń yìn ín, má ṣe gbé ìka sẹ́gbẹ̀ẹ́ àlàfo tó wà láàárín rìbìtì àti ọ̀pá láé, iná tó ń já níbẹ̀ ń gé ẹran ara. Lẹ́yìn .38 púpọ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì ha inú àwọn ihò náà, torí èéfín á ti dì síbẹ̀, .357 tó gùn jù ú ò sì ní wọlé dáadáa.

Káàdì ìgbélùú rẹ gbà ọ́ láyè láti rà. Wàá kọ fọ́ọ̀mù 4473 lọ́dọ̀ ẹni tó ní ìwé àṣẹ láti tà á, wọ́n á sì yẹ orúkọ rẹ wò. Má bá ọ̀rẹ́ tí òfin ò gbà láyè rà á, ẹ̀wọ̀n ni. Má sì ronú àtigbé e wálé, torí òfin ìbọn Nàìjíríà ti 1959 ka rìfọ́fà mọ́ ìbọn tó léèwọ̀.

Kí o tó náwó, yá GP100 àti 686 níbi ìdánrawò, kí ìwọ àti ìyàwó rẹ yin .38 àádọ́ta nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kẹ́ ẹ wá fi .357 mẹ́fà kádìí ẹ̀. Èyí tí ìyàwó rẹ bá ní òun ṣì fẹ́ yìn, òun ni kẹ́ ẹ gbé lọ sílé.