Ìbéèrè àti Ìdáhùn: Bí a ṣe lè mú kí prompt máa sọ ibi tí iṣẹ́ Git wa dé

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ubuntu ni mo ń lò, bash sì ni shell mi, ìyẹn ètò tí ń gba àṣẹ mi nínú tẹ́míńàlì. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi ju ẹ̀ẹ̀kan lọ pé mo ṣe commit (mo fi ìyípadà pamọ́ sínú Git, ètò tí ń tọ́jú ìtàn fáìlì) sórí main, olórí branch, nígbà tí mo rò pé orí branch tèmi, ìyẹn ẹ̀ka iṣẹ́ tèmi, ni mo wà. Mo rí i pé prompt ẹnì kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́, ìyẹn ìlà tí tẹ́míńàlì fi ń dúró de àṣẹ, máa ń gbé orúkọ branch jáde pẹ̀lú àmì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo wá da ìlà kan kọ láti orí íntánẹ́ẹ̀tì sínú .bashrc mi (fáìlì ètò tí bash ń kà nígbà tí ó bá ṣí), ṣùgbọ́n orúkọ branch kan náà ni ó ń gbé wá ní gbogbo fódà tí mo bá wọ̀. Kí ni kò tọ́ níbẹ̀, kí sì ni ó yẹ kí n fi sínú prompt náà?

Ìdáhùn: Pẹ̀lú bí ẹ ṣe ṣàlàyé rẹ̀ yìí, àmì àyọlò ni mo fura sí. Inú variable tí à ń pè ní PS1 ni bash ti ń mọ bí prompt yóò ṣe rí. Bí ẹ bá fi àmì àyọlò oníbejì, ìyẹn ", yí ohun tí ó wà nínú PS1 ká, bash yóò ṣe iṣẹ́ tí ó wà nínú $( ) lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nígbà tí ó ń ka .bashrc, èsì tí ó bá rí nígbà náà ni yóò sì máa gbé kiri títí ẹ ó fi pa tẹ́míńàlì náà dé. Àmì ẹlẹ́yọ kan, ìyẹn ', ni yóò mú kí ó fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ di ìgbà tí ó bá fẹ́ kọ prompt gan-an, kí ó sì máa tún un ṣe ní gbogbo ìgbà tí àṣẹ kan bá parí.

Ṣùgbọ́n kí ẹ tó tún ìlà yẹn ṣe, mo rọ̀ yín kí ẹ yọ ọ́ kúrò pátápátá. Git fúnra rẹ̀ ní ìwé àṣẹ kan tí a kọ fún iṣẹ́ yìí, git-prompt.sh ni orúkọ rẹ̀ (Ubuntu ń pè é ní git-sh-prompt), ó sì ti wà lórí Ubuntu yín láti ìgbà tí ẹ ti fi Git sí i. Ìsàlẹ̀ pátápátá .bashrc ni kí ẹ kọ àwọn ìlà mẹ́ta yìí sí, nítorí pé .bashrc ti Ubuntu ti ṣètò PS1 tirẹ̀ lókè:

source /usr/lib/git-core/git-sh-prompt
GIT_PS1_SHOWDIRTYSTATE=1
PS1='\u@\h:\w$(__git_ps1 " (%s)")\$ '

Bí ẹ bá ṣí tẹ́míńàlì tuntun, tí ẹ sì wọ inú repo kan (fódà tí Git ń tọ́jú), ohun tí ẹ ó rí yóò jọ èyí:

bisi@ile:~/owo-osu (atunse-owo-ori *)$

Ìràwọ̀ yẹn ń sọ pé ẹ ti yí nǹkan padà nínú fáìlì tí Git mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ kò tíì fi git add kó o jọ fún commit. Bí ẹ bá ti kó o jọ, + ni yóò rọ́pò rẹ̀. Bí apá kan bá sì ti wọlé tí apá kejì ṣì wà níta, *+ ni ẹ ó rí. Lóde àwọn repo, àkámọ́ náà kò ní hàn rárá.

Ohun tí ó wúlò jù lọ nínú iṣẹ́ yìí lójú tèmi ni èyí tí ẹnikẹ́ni kì í béèrè fún, nítorí pé ó ń bọ̀ fúnra rẹ̀. Bí rebase (títún commit yín tò sórí ìpìlẹ̀ mìíràn) bá dúró lágbedeméjì nítorí pé ìyípadà méjì forí gbárí, prompt yóò fi |REBASE 2/5 kún ohun tí ó wà nínú àkámọ́, ìyẹn ni pé ẹ wà lórí commit kejì nínú márùn-ún. Bí ó bá jẹ́ merge (pípa branch méjì pọ̀) ni kò tíì parí, |MERGING ni yóò kọ. Bí ẹ bá sì rí àkámọ́ méjì tí ó yí lẹ́tà àti nọ́ḿbà ká dípò orúkọ, irú bíi ((3f9c2ab...)), ẹ tètè dúró: ẹ kò sí lórí branch kankan, commit tí ẹ bá sì ṣe níbẹ̀ kò ní orúkọ tí yóò dì í mú nígbà tí ẹ bá kúrò níbẹ̀. Ẹ fi git switch -c dá branch sílẹ̀ fún un kí ẹ tó lọ sí ibòmíràn.

Àwọn àmì mìíràn wà tí ẹ lè tàn. GIT_PS1_SHOWSTASHSTATE=1 yóò fi $ hàn bí ẹ bá ní ohun tí ẹ fi git stash tọ́jú, mo sì fara mọ́ ọn, nítorí pé àwọn ènìyàn máa ń gbàgbé stash wọn fún oṣù mélòó kan. Èyí tí n kò fi bẹ́ẹ̀ fọkàn tán ni GIT_PS1_SHOWUPSTREAM="auto", tí ń fi < sọ pé ẹ wà lẹ́yìn server, tí ń fi > sọ pé ẹ ti ṣíwájú rẹ̀, tí ó sì ń fi = sọ pé ẹ dọ́gba. Prompt kì í kàn sí server rárá; ohun tí git fetch mú wá láti ibẹ̀ kẹ́yìn ni ó ń kà. Bí ẹ kò bá ti ṣe fetch láti ọjọ́ Ajé, = tí ẹ rí ní ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ajé ni ó ń ròyìn.

Ní ti ìyára, orúkọ branch kò náni ní nǹkan kan tó pọ̀. Ẹ tẹ cat .git/HEAD, ẹ ó rí ìlà kan ṣoṣo, bíi ref: refs/heads/main, kò sì ju kí a ka ìyẹn lọ. Ìràwọ̀ ni ó ń gba àkókò, nítorí pé Git ní láti yẹ gbogbo fáìlì tí ó mọ̀ wò. Àmì %, tí GIT_PS1_SHOWUNTRACKEDFILES ń gbé wá fún fáìlì tí Git kò tíì mọ̀, tún wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ó ń rìn káàkiri gbogbo fódà. Bí ẹ bá wọ repo ńlá kan, tí prompt sì ń pẹ́ kí ó tó jáde, ẹ tẹ àṣẹ yìí nínú repo náà nìkan, ìràwọ̀ yóò sì máa bá a lọ ní àwọn yòókù:

git config bash.showDirtyState false

Bí ẹ bá fẹ́ fi àwọ̀ sí i, kí gbogbo kóòdù àwọ̀ wà láàárín \[ àti \]. Bí wọn kò bá sí níbẹ̀, bash yóò ka àwọ̀ mọ́ gígùn ìlà, àṣẹ gígùn tí ẹ bá ń tẹ̀ yóò sì máa gun orí ara rẹ̀.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ má da ìlà ẹlòmíràn kọ kò ju ọ̀rọ̀ ààbò lọ. Git gbà kí $ àti àkámọ́ wà nínú orúkọ branch. Bí ìlà tí ẹ dà kọ bá lẹ orúkọ náà mọ́ inú PS1 tààrà, bash lè ka orúkọ yẹn bí àṣẹ, kí ó sì ṣe é, lẹ́yìn tí ẹ kàn clone (ṣe ẹ̀dà) repo tí ẹ kò mọ ẹni tí ó ni ín, tí ẹ sì wọ inú rẹ̀. git-prompt.sh pàápàá ní ihò yìí nígbà kan rí, Git 1.9.3 ni wọ́n ti dí i.

Ẹni tí ó bá ń lo Mac, zsh, shell mìíràn, ni yóò bá níbẹ̀ láti ìgbà macOS Catalina ní ọdún 2019, vcs_info tí ó bá zsh wá yóò sì ṣe irú iṣẹ́ yìí fún un. Starship, ètò mìíràn tí ń ṣe prompt, náà dára, ó sì ń ṣiṣẹ́ nínú shell púpọ̀, ṣùgbọ́n àwọn àmì inú rẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ojú fi ń fò wọ́n.

Ó ku main tí ẹ ń ṣe commit sí. Prompt yóò fi hàn yín, kò ní dá yín dúró. Bí ẹ bá fẹ́ kí Git kọ̀ fún yín, ẹ kọ ìlà méjì yìí sínú fáìlì .git/hooks/pre-commit, kí ẹ sì fi chmod +x sọ ọ́ di ohun tí ó lè ṣiṣẹ́:

#!/bin/sh
[ "$(git symbolic-ref --short -q HEAD)" != main ]

Hook (irú fáìlì yìí, tí Git ń kọ́kọ́ ṣe kí commit tó wọlé) kì í bá repo rìn nígbà tí a bá clone rẹ̀, nítorí náà ẹ ó tún un kọ sínú repo kọ̀ọ̀kan tí ẹ bá ti nílò rẹ̀.