Ẹ̀rù wọ́ọ̀dù àwọn alárùn ọpọlọ ń bà mí

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá wa. Akẹ́kọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì ni mí ní Àkúrẹ́, ọdún kejì ni mo wà. Ní oṣù tó ń bọ̀, wọn yóò pín kíláàsì wa lọ sí ilé ìwòsàn àwọn alárùn ọpọlọ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Àwọn tó ṣáájú wa sọ pé a kò gbọdọ̀ kọ ẹ̀yìn sí wèrè, wọ́n sì máa ń sín àwọn aláìsàn náà jẹ, bí wọ́n ṣe ń rìn gbagidi àti bí itọ́ ṣe ń dà lẹ́nu wọn, tí gbogbo wa yóò fi rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìyá mi ní Oǹdó ti ní kí n sọ fún ọ̀gá wa pé ara mi kò yá, nítorí ohun tó ń ṣe wọ́n lè ràn mí, àti pé ta ni yóò fẹ́ mi bí wọ́n bá gbọ́ ibi tí mo ti ń ṣiṣẹ́. Ṣé ó burú bí mo bá wá ọgbọ́n yẹ̀ ẹ́?

Ọmọ yín, Àkúrẹ́.

ÌDÁHÙN

Ọmọ mi, bí o bá yẹ̀ ẹ́ lóṣù tó ń bọ̀, kò sí bí o ṣe lè yẹ̀ ẹ́ títí tí o ó fi fẹ̀yìn tì. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, ẹnì kan nínú èèyàn mẹ́jọ láyé ló ní irú àìsàn ọpọlọ kan tàbí òmíràn. O ó bá wọn ní wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí, níbi tí ìyá ọmọ ọjọ́ mẹ́rin ti ń búra pé ọmọ náà kì í ṣe tòun. O ó sì bá wọn láàárín àwọn tí ọ̀kadà gbá.

Ní ti ìyá rẹ, àìsàn ọpọlọ kì í ràn. Ọdún 29 ni mo fi ṣe iṣẹ́ náà; mo lọ́kọ, mo bímọ mẹ́ta. Ṣùgbọ́n má bá a jiyàn jù, nítorí kò dá nìkan rò bẹ́ẹ̀. Nínú ìwádìí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Oye Gureje àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní ọdún 2005, lẹ́yìn tí wọ́n ti bá àwọn èèyàn tó lé ní 2,000 sọ̀rọ̀ nílẹ̀ Yorùbá níbí, ó lé ní 96 nínú 100 tó sọ pé eléwu ni alárùn ọpọlọ, àwọn tó sì lè rò ó láti fẹ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀ kò tó 17 nínú 100.

Ẹ̀rín yẹn gan-an ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Nígbà tí èmi náà jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe oko kòkó wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta tó dé, ọrùn rẹ̀ yí sí èjìká òsì, ó le bí igi, ahọ́n rẹ̀ sì ń yọ síta. Àwa mẹ́rin dúró lẹ́sẹ̀ bẹ́ẹ̀dì, ọ̀kan nínú wa sì ní, "Ẹ wò ó bí ó ṣe ń gùn ún." Nọ́ọ̀sì àgbà kò bá wa wí. Ó fa oògùn sínú abẹ́rẹ́, ó gún un, ó ní kí a dúró kí a máa wo aago. Kò tó ìdajì wákàtí tí ọrùn náà fi dẹ̀. Ọmọkùnrin náà fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu, ó wo ẹni tó sọ̀rọ̀ náà lójú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ bá mi bu omi."

Haloperidol, oògùn àìsàn ọpọlọ tí a ti fún un ṣáájú, ló yí i lọ́rùn. Ìrìn gbagidi, ọwọ́ tó ń gbọ̀n àti itọ́ tí àwọn tó ṣáájú yín ń sín jẹ, nígbà púpọ̀, oògùn wa ló ń fà á, kì í ṣe wèrè. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni láti tètè rí i kí ó sì pe dókítà; ẹni tó bá ń rẹ́rìn-ín kò ní rí i.

Àwọn àgbà ní bí ara wèrè bá yá tán, kò ní ṣàì ku èyí tí yóò fi máa dẹ́rù ba ọmọdé. Mo fẹ́ràn òwe, ṣùgbọ́n èmi kò fara mọ́ èyí, mo sì gbà pé ètò tí wọ́n fi ń kọ́ yín ló ń gbè é lẹ́yìn: ìgbà tí àìsàn bá le jù nìkan ni ẹ máa ń rí wọn, bí ara wọn bá sì ti yá, wọn a lọ sílé, wọn a fi pamọ́. Nítorí náà, bẹ ọ̀gá rẹ kí ó jẹ́ kí o máa jókòó síbi tí wọ́n ti ń rí àwọn tó ń padà wá gba oògùn. O ó rí tíṣà tó ń wo aago nítorí kíláàsì, o ó rí ìyá aláta tó ń kanjú kí ọjà má tú. Ní Arọ̀ l'Ábẹ́òkúta, nígbà tí Dókítà Adeoye Lambo bẹ̀rẹ̀ ètò rẹ̀ níbẹ̀ ní ọdún 1954, àwọn aláìsàn gbé lọ́dọ̀ àwọn ará abúlé, ìbátan wọn máa ń se oúnjẹ fún wọn nígbà náà, wọ́n sì máa ń lọ gba ìtọ́jú nílé ìwòsàn. Àgbẹ̀ tí kò ka ìwé kankan ló gbà wọ́n sílé.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn kíkọ kì í ṣe irọ́ pátápátá. Má dá wọ yàrá ẹni tí inú ń bí, dúró sí tòsí ilẹ̀kùn, má sì bá a jiyàn lórí ohùn tí ó ní òun ń gbọ́. Bákan náà ni o ó ṣe bí ọ̀mùtí bá ń jà ní wọ́ọ̀dù mìíràn.

Yọ yẹtí tó gùn. Fi "wèrè" sílẹ̀ lẹ́nu géètì. Òfin ọdún 1958 tó ń pè wọ́n bẹ́ẹ̀ pàápàá ti kógbá sílé láti ìgbà tí wọ́n ti fọwọ́ sí òfin tuntun ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2023. Kí o sì tètè dé ní ọjọ́ àkọ́kọ́, kí àwọn tó ṣiṣẹ́ òru tó fi iṣẹ́ lé àwọn ti òwúrọ̀ lọ́wọ́, torí ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń ka orúkọ aláìsàn kọ̀ọ̀kan.