Bí o bá fẹ́ dá rin ọ̀nà Santiago láti León

Àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ka ìbéèrè rẹ kí n tó jókòó dáhùn. O ní ọjọ́ 18 ni wọ́n fún ọ nísinmi níbi iṣẹ́, o sì fẹ́ fẹsẹ̀ rin apá kan nínú Camino, ọ̀nà àwọn arìnrìn-àjò mímọ́ tó lọ sí Santiago de Compostela ní Sípéènì. Ìwọ nìkan. O ń béèrè bóyá Sarria lo máa ti bẹ̀rẹ̀ ni àbí León, bóyá ó léwu fún obìnrin, àti ohun tí o máa dì lẹ́rù. Èmi náà dá a rìn láti León. Ọmọ ọdún 51 ni mí nígbà yẹn, oṣù karùn-ún sì ni. Mo dé Santiago o, ṣùgbọ́n bí mo ṣe dé ibẹ̀ kì í ṣe ohun tí mo fi ń yangàn.

León ni kí o mú. Kò sí ohun tó ṣe Sarria. Láti ibẹ̀ dé Santiago ò ju nǹkan bí kìlómítà 115 lọ, ó sì tó gba Compostela, ìwé ẹ̀rí tí wọ́n ń fún èèyàn tó bá dé, torí kìlómítà 100 ni wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹsẹ̀ rìn. Ohun tó sọ ibẹ̀ di ọjà nìyẹn. Ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ mẹ́fà, ó ti parí. Ìgbà tí ara ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ ọ̀nà ni ọ̀nà ń tán. Ti León fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlómítà 310. Ẹni tí kò kánjú á fi ọjọ́ 14 rìn ín. Wàá la pẹ̀tẹ́lẹ̀ kọjá dé Astorga, wàá gun òkè lọ sí Cruz de Ferro, wàá sọ̀ kalẹ̀ sí Bierzo níbi tí ọgbà àjàrà pọ̀ sí, wàá tún gun òkè lọ sí O Cebreiro, abúlé tí wàá kọ́kọ́ bá ní Galicia, agbègbè tí Santiago wà. Àwọn kan á sọ fún ọ pé ẹni tí kò bá bẹ̀rẹ̀ láti Saint-Jean-Pied-de-Port nílẹ̀ Faransé, tó jẹ́ nǹkan bí kìlómítà 780, kò tíì rin Camino. Jẹ́ kí wọ́n máa sọ. Ọjọ́ 18 ni ìwọ ní.

Ní ti ewu, mi ò ní tàn ọ́. Lọ́dún 2015, wọ́n pa obìnrin ará Amẹ́ríkà kan tó ń dá rìn nítòsí Astorga. Wọ́n mú ọkùnrin tó pa á, ilé ẹjọ́ sì rán an lẹ́wọ̀n ọdún 23. Mo ti mọ̀ nípa rẹ̀ kí n tó kúrò nílé, nítorí náà láàárọ̀ tí mo kúrò ní Astorga, ọkàn mi ò balẹ̀. Ilẹ̀ ò tíì mọ́ dáadáa. Mo gbọ́ ìró ọ̀pá lórí òkúta lẹ́yìn mi, kọ́, kọ́, kọ́, ó ń sún mọ́ mi. Mo lóṣòó bí ẹni ń so okùn bàtà, mo di ọ̀pá tèmi mú gírígírí. Àṣé bàbá arúgbó kan ni, á tó ẹni ọdún 75, ìbọ̀sẹ̀ mi kan ló mú dání. Ẹ̀yìn báàgì ni mo fi í kọ́ kó lè gbẹ, ó já bọ́ kí n tó jáde nígboro, bàbá sì ti ń mú un bọ̀ láti ìgbà yẹn. Ó nà án sí mi, ó ní “Buen Camino”, bí àwọn arìnrìn-àjò ṣe ń kí ara wọn pé ọ̀nà á dára, ó sì kọjá lára mi. Mi ò lè bá a mọ́ títí ọjọ́ fi kanrí.

Síbẹ̀, láti ọjọ́ yẹn, mi ò jáde kí ilẹ̀ tó mọ́ mọ́. Fi AlertCops, áàpù tí ó jẹ́ ti àwọn ọlọ́pàá Sípéènì, sórí fóònù rẹ. 112 sì ni nọ́mbà pàjáwìrì wọn. Ọfà yẹ́lò tí wọ́n kùn sójú ọ̀nà ni wàá máa tẹ̀ lé. Tí ọfà kan bá dédé ní kí o yà kúrò lójú ọ̀nà tí ẹsẹ̀ ti tẹ̀ dáadáa, dúró de ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Lásìkò tí ojú ọjọ́ bá dára, kì í pẹ́ tí ẹnì kan á fi yọ.

Ohun tó fẹ́ ba tèmi jẹ́ kì í ṣe èèyàn. Agídí mi ni.

Ọjọ́ karùn-ún ni. Foncebadón ni mo sùn mọ́jú, ìkùukùu bo gbogbo òkè náà. Cruz de Ferro kò jìnnà síbẹ̀: òpó igi gíga kan ni, àgbélébùú irin kékeré wà lórí rẹ̀, òkìtì òkúta wà nídìí rẹ̀, èyí tí kálukú ti gbé wá láti ilé. Mo fi tèmi sílẹ̀, mo gbàdúrà fún ìyá mi. Nǹkan bíi mítà 1,500 ni ibẹ̀ ga sí. Molinaseca tó wà nísàlẹ̀ kò ju nǹkan bíi 600 lọ. Gbogbo ẹni tó gbà mí nímọ̀ràn nílé, gígun òkè ni wọ́n ń fi dẹ́rù bà mí. Kò sẹ́ni tó bá mi sọ̀rọ̀ sísọ̀ kalẹ̀.

Kí n tó dé abúlé El Acebo, gìgísẹ̀ òsì mi ti ń gbóná bíi pé ẹyin iná wà nínú ìbọ̀sẹ̀. Àwọn kan jókòó síta níbẹ̀, wọ́n ti bọ́ bàtà, wọ́n na ẹsẹ̀ sóòrùn. Obìnrin kan tí a jọ sùn ní Astorga juwọ́ sí mi pé kí n wá jókòó. Mo ní rárá, mo ń lọ. Kí ló ń lé mi? Mo ti gba bẹ́ẹ̀dì sílẹ̀ ní Ponferrada, ìlú tó kọjá Molinaseca. Yàtọ̀ síyẹn, alaalẹ́ ni mo ń fi iye kìlómítà tí mo rìn ránṣẹ́ sílé, wọ́n sì ti ń kan sáárá sí mi. Mi ò fẹ́ fi nọ́mbà kékeré ránṣẹ́.

Láti ibẹ̀ lọ, òkúta pẹlẹbẹ tó yọ ṣóńṣó sókè ni ọ̀nà náà. Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ ni mo fi ń tẹlẹ̀ nítorí gìgísẹ̀, kò sì pẹ́ tí orúnkún ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí í ta mí. Nígbà tó yá, mo yí padà, mo ń fẹ̀yìn sọ̀ kalẹ̀. Ẹni bá rí mi á rẹ́rìn-ín. Wákàtí mẹ́ta ni mo fi rin nǹkan bíi kìlómítà márùn-ún tó kẹ́yìn.

Afárá òkúta kan wà ní àbáwọlé Molinaseca. Mo jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo tú okùn bàtà, bàtà kọ̀, kò bọ́. Obìnrin tó ń tọ́jú ilé tí mo sùn sí ló bá mi fà á yọ. Ìbọ̀sẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ gìgísẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sí i. Ìléròrò tí kò ju èékánná lọ láàárọ̀ ti bẹ́, awọ rẹ̀ ti ká kúrò bí èèpo. Ó bu omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ sínú abọ́, ó da iyọ̀ sí i, ó ní kí n ti ẹsẹ̀ bọ̀ ọ́. Mo figbe ta. Ó nàka sí orúnkún mi tó ti wú, ó ní “Mañana, no.” Mi ò gbọ́ èdè wọn, ṣùgbọ́n ìyẹn yé mi: lọ́la, rárá.

Alẹ́ mẹ́ta ni mo sùn níbẹ̀. Ibẹ̀ ni mo ti mọ ohun tí “èmi nìkan” jẹ́. Lójú ọ̀nà, o ò dá wà rárá: ojú kan náà lò ń rí láàárọ̀, lọ́sàn-án, lálẹ́, ẹ ti mọ ẹni tó ń hanrun láàárín ara yín. Dúró fún ọjọ́ méjì péré, gbogbo wọn á ti lọ. Àwọn tó ń wọlé nírọ̀lẹ́ ò mọ̀ mí, èmi náà ò mọ̀ wọ́n. Mo sunkún. Obìnrin El Acebo yẹn kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó bọ́ ohun tó fi ń di orúnkún tirẹ̀ fún mi. Kò béèrè ìdí tí mi ò fi jókòó.

Bí èèyàn méjì bá jọ ń rìn, ọ̀kan á sọ pé ó tó, ẹ jẹ́ ká sinmi. Ẹni tó dá rìn ló máa sọ ọ́ fún ara rẹ̀, ibẹ̀ ló ti le. Ní báyìí, bí ẹsẹ̀ mi bá ti gbóná níbì kan, ojú ẹsẹ̀ ni mo ń jókòó, ì báà jẹ́ pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde. Mo bọ́ bàtà, mo bọ́ ìbọ̀sẹ̀, mo jẹ́ kí ẹsẹ̀ gbẹ, mo lẹ bándéèjì, mo wọ ìbọ̀sẹ̀ gbígbẹ. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí mo ṣahun rẹ̀ ní El Acebo gba ọjọ́ méjì lọ́wọ́ mi.

Tí o bá dé Villafranca del Bierzo, má kàn kọjá. Ṣọ́ọ̀ṣì Santiago tó wà níbẹ̀ ní ilẹ̀kùn kan tí wọ́n ń pè ní Puerta del Perdón, Ilẹ̀kùn Ìdáríjì. Láyé àtijọ́, ẹni tí àìsàn bá dá dúró níbẹ̀, tí kò lè lọ mọ́, bó bá dé ẹnu ilẹ̀kùn yẹn, ìdáríjì tí àwọn tó dé Santiago ń gbà ni òun náà máa gbà. Títì ni mo bá a, torí ọdún mímọ́ ni wọ́n ń ṣí i, ìyẹn ọdún tí July 25 bá bọ́ sí ọjọ́ Àìkú. 2027 ló kàn. Mo dúró níwájú rẹ̀ pẹ́. Lọ́jọ́ kejì, mo sanwó kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé báàgì mi lọ sí O Cebreiro, ojú ò sì tì mí. Ère orí bàbá àlùfáà tó ṣiṣẹ́ ní abúlé yẹn wà níbẹ̀, Elías Valiña, ẹni tó bẹ̀rẹ̀ sí í kun ọfà yẹ́lò káàkiri ọ̀nà náà lọ́dún 1984. Mo kí i dáadáa.

Ẹrù wá ńkọ́? Má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ lọ. Kílò 11 ni tèmi nígbà tí mo kúrò ní León, ìwé ńlá méjì wà nínú rẹ̀, àti bàtà kẹta tí mi ò wọ̀ rí. Aṣọ méjì tó: ọ̀kan lára, ọ̀kan tí a fọ̀. Bàtà ni kí o náwó sí, kó fi nọ́mbà kan ju tìẹ lọ nítorí ẹsẹ̀ á wú, kí o sì fi rìn nílé fún oṣù méjì ó kéré tán. Ọ̀pá ìtilẹ̀ méjì, kì í ṣe ọ̀kan. Ìgbà ìsọ̀kalẹ̀ ni wọ́n wúlò jù. Aṣọ òjò, torí Galicia kì í gbẹ. Ohun tí wàá fi dí etí lóru. Kí o tó tẹ́ ohunkóhun sórí bẹ́ẹ̀dì, gbé fóòmù sókè, wo ojú rírán rẹ̀ bóyá ìdun wà níbẹ̀.

Àwọn ilé ìsùn, albergue ni wọ́n ń pè é. Àwọn tí ìjọba Galicia ń bójú tó gba yúrò 10 lọ́wọ́ mi, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọ́n ń fún ní bẹ́ẹ̀dì. Wàá gba ìwé kékeré kan tó ń jẹ́ credencial kí o tó gbéra, ibi tí o bá sùn ni wọ́n á ti máa lu òǹtẹ̀ sí i. Ó kéré tán láti Sarria lọ, òǹtẹ̀ méjì lójúmọ́ ni kí o máa gbà, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní fún ọ ní Compostela.

Tíkẹ́ẹ̀tì ìpadà tí o sọ pé o fẹ́ rà fún ọjọ́ 15, má rà á bẹ́ẹ̀. Sún un sí ọjọ́ 18 gan-an. Bí ẹsẹ̀ kò bá dá ọ dúró, ìlú Santiago náà tó sinmi sí fún ọjọ́ méjì. Bó bá sì dá ọ dúró, o ò ní wo aago kọjá ní El Acebo.