Àwo òfìfo lórí tábìlì àwọn ará Pólàndì: ta ni wọ́n ń gbé e dè?

Ìyá kan tí ọmọbìnrin wọn fẹ́ ọmọ Pólàndì ní Chicago ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní lálẹ́ ọjọ́ tó ku ọ̀la Kérésìmesì, àwọn àna wọn gbé àwo àti ṣíbí sí iwájú àga tí ẹnikẹ́ni ò jókòó lé. Gbogbo ilé wá ń bu nǹkan funfun kan bíi bébà lọ́wọ́ ara wọn, omijé sì ń bọ́ lójú àwọn àgbà. Ṣé òkú ni wọ́n ń pè? Kí ló sì dé tí ọkọ ọmọ wọn, tí kò gbọ́ èdè Polish ju ìkíni lọ, fi ọwọ́ pàtàkì mú un tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ fọkàn balẹ̀, Mà. Wọn ò rúbọ. Wigilia ni wọ́n ń pe alẹ́ ọjọ́ 24 oṣù Kejìlá yẹn, kò sì sí alẹ́ tó tó o lọ́dún lójú ọ̀pọ̀ wọn. Ọjọ́ Kérésìmesì fúnra rẹ̀ ò tó o. Wọn kì í fẹnu kan oúnjẹ títí ìràwọ̀ àkọ́kọ́ yóò fi yọ, àwọn ọmọdé ni wọ́n sì máa ń rán lọ sójú fèrèsé kí wọ́n lọ máa ṣọ́ ọ. Nǹkan funfun tí ẹ rí ń jẹ́ opłatek. Ìyẹ̀fun àlìkámà àti omi lásán ni, wọ́n fi irin gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí ó fi fẹ́lẹ́, àwòrán ìbí Jésù sì wà lára rẹ̀. Olúkúlùkù á mú tirẹ̀ lọ́wọ́, á bù lára tẹnìkejì, ẹnìkejì á bù lára tirẹ̀, wọn á wá wúre fún ara wọn lójúkojú. Ẹni tí inú ń bí yín sí pàápàá, ẹ kò ní fò ó. Ibẹ̀ ni omijé yẹn ti ń wá.

Tí ẹ bá béèrè nípa àwo, àlejò tí a ò retí ni wọ́n á kọ́kọ́ dárúkọ fún yín. Wọ́n ní òwe kan, „Gość w dom, Bóg w dom”: àlejò wọlé, Ọlọ́run wọlé. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni dá nìkan wà lálẹ́ ọjọ́ náà, kódà ẹni tó ṣìnà. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ òkú tí ẹ sọ náà ò jìnnà: ní àwọn abúlé wọn láyé àtijọ́, wọ́n gbà pé àwọn tó ti kú máa ń yà wálé lálẹ́ yẹn, ẹlòmíràn á sì fẹ́ atẹ́gùn sórí àga kó tó jókòó, kó má baà jókòó lé wọn mọ́lẹ̀. Nígbà tó sì yá, lẹ́yìn ọ̀tẹ̀ tí àwọn ará Pólàndì dìde sí Rọ́ṣíà ní 1863, tí Rọ́ṣíà sì kó ọ̀pọ̀ ènìyàn lọ sí Siberia, àwo náà di ti ẹni tí kò sí nílé, tí a ò mọ̀ bóyá yóò padà.

Lójú tèmi, ìtumọ̀ ìkẹyìn yìí ló wúwo jù nínú ilé àwọn tó ṣí lọ sí Amẹ́ríkà. Rọ́ṣíà, Prussia àti Austria pín Pólàndì mọ́ ara wọn lọ́wọ́ láàárín 1772 àti 1795. Títí di 1918, kò sí orílẹ̀-èdè kankan tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àárín àkókò yẹn gan-an ni baba ńlá ọ̀pọ̀ wọn wọkọ̀ ojú omi lọ wá oúnjẹ òòjọ́. Ìjọ Saint Stanislaus Kostka ní Chicago ti wà láti 1867, nígbà tí ìlú tí àwọn ọmọ ìjọ náà ti wá kò sí lórí máàpù. Lábẹ́ ìjọba Jámánì, tí Prussia ti di ara rẹ̀, wọ́n na àwọn ọmọ iléèwé ní Września, ìlú kan ní apá Pólàndì tí Prussia gbà, ní 1901 torí pé wọ́n kọ̀, wọn ò fẹ́ kọ́ ẹ̀kọ́ ìsìn ní èdè Jámánì. Ilé ni wọ́n wá kó ìlú wọn sí: sínú oúnjẹ, àdúrà àti orin. Wọ́n ti mọ bí a ṣe ń tọ́ ọmọ Pólàndì láìsí Pólàndì kí wọ́n tó fojú kan Chicago.

Ìdí nìyẹn tí n kò fi ní gbà kí ẹnikẹ́ni sọ pé ọkọ ọmọ yín ń díbọ́n. Iléèwé ọjọ́ Sátidé wà tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọ lédè, àwọn kan lọ, àwọn kan ò lọ, èdè sì máa ń já bọ́ nígbà tó bá di ìran kẹta. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ti dúró ṣọ́ ìràwọ̀, tí ìyá àgbà ní kó fa koríko gbígbẹ kan yọ lábẹ́ aṣọ tábìlì (èyí tó bá gùn, ẹ̀mí gígùn ni), tó sì ti rí opłatek nínú lẹ́tà tó ti ilé bàbá bàbá rẹ̀ wá, ọmọ yẹn mọ ibi tí òun ti ṣẹ̀ wá. Ẹ tún wo 1981. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá, Ọ̀gágun Jaruzelski, olórí Pólàndì nígbà náà, kéde ìjọba ológun, wọ́n sì gé fóònù gbogbo ìlú. Wigilia ku ọjọ́ 11. Ẹni tó wà ní Chicago ò lè gbọ́ bóyá àbúrò òun wà nílé tàbí wọ́n ti tì í mọ́lé. Ní ọjọ́ 23, Ààrẹ Reagan rọ àwọn ará Amẹ́ríkà kí wọ́n tan àbẹ́là sójú fèrèsé nítorí Pólàndì. Kò sẹ́ni tó ní láti ṣàlàyé àwo òfìfo fún ọmọdé lọ́dún yẹn.

Ohun kan tún wà tí màá fẹ́ kí ẹ sọ fún ọmọ-ọmọ yín. August Agboola Browne, tí wọ́n bí ní Èkó ní 1895, lọ gbé Pólàndì ní àwọn ọdún 1920. Ó ń lu ìlù jazz ní Warsaw, ó fẹ́ ìyàwó níbẹ̀, ó sì bí ọmọkùnrin méjì. Nínú fọ́ọ̀mù tó kọ ní 1949 láti wọ ẹgbẹ́ àwọn tó jagun, ó ní òun wà nínú ìjà tí àwọn ará Warsaw gbé ko Jámánì ní 1944. Òkúta ìrántí rẹ̀ wà ní Warsaw láti 2019. Ọmọ yín kọ́ ló kọ́kọ́ da ilé méjèèjì pọ̀.

Tí wọ́n bá tún pè yín lọ́dún yìí, ẹ má gbé adìẹ tàbí ẹran lọ o, torí wọn kì í jẹ ẹran lálẹ́ yẹn. Ẹja díńdín ò burú. Oúnjẹ méjìlá ni wọ́n sábà máa ń gbé kalẹ̀: ọbẹ̀ barszcz pupa yòò, ẹja karp, pierogi, ìyẹ̀fun pípò tí wọ́n ki kábéèjì àti olú sínú. Ẹ tọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan wò, bó ṣe díẹ̀ díẹ̀. Tó bá kan opłatek, ẹ má kàn ní „ẹ kú ọdún” kí ẹ jókòó. Ohun tí ẹ fẹ́ kí Ọlọ́run ṣe fún ẹni tó dúró níwájú yín gan-an ni kí ẹ sọ, ẹ sì sọ ọ́ ní Yorùbá. Ọmọ yín á túmọ̀ rẹ̀ fún wọn.